Ẹ̀bà kọ́ ló ṣẹ̀ yín: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí oúnjẹ tí kálórì ẹ̀ pọ̀ ju bá a ṣe rò lọ

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ dídín ara kù nìyí, mo kó wọn jọ síbì kan kí n lè máa ní "ẹ lọ kà á" dípò kí n máa tún un sọ. Ẹ má wá ètò lẹ́sẹẹsẹ níbẹ̀ o, bí wọ́n ṣe ń bi mí ni mo ṣe tò ó.

Kí ni kálórì yìí gan-an?

Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ. Èyí tára bá rí lò, ó lò ó, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń sọ di ọ̀rá tó ń kó síkùn, sídìí àti sápá. Gíráàmù kan sítáàṣì tàbí ṣúgà ní kálórì 4, purotéènì náà 4, ọtí 7, epo àti ọ̀rá 9. Ẹ fi 9 yẹn sọ́kàn torí òun ló máa dáhùn ìdajì àwọn ìbéèrè tó kù. Ọ̀rá kílò kan lára èèyàn tó nǹkan bíi kálórì 7,700, nítorí ẹ̀, ẹni tó bá ń dín 500 kù lójúmọ́ lè máa pàdánù bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Tó bá yá ó máa falẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ má lọ wádìí ẹnikẹ́ni.

Àǹtí, mo ti fi ẹ̀bà àti ìrẹsì sílẹ̀ tipẹ́, síkéèlì ò mira. Kí ló dé?

Ẹ̀bà lẹ ń bá jà, ẹ̀bà kọ́ ló ṣẹ̀ yín. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé èyí tó pọ̀ nínú ohun tó ń mú wa sanra, inú nǹkan tá ò kà sí oúnjẹ ló wà. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ jẹ lánàá, ẹ máa ní àmàlà lọ́sàn-án, ẹ̀wà lálẹ́, ó parí. Ẹ ò ní rántí ẹ̀pà tẹ́ ẹ ń jù sẹ́nu nínú mọ́tò láti Ojota dé Ìkòròdú, mọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ṣe yín lálejò, ṣinṣín tọ́mọ fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá a jẹ kó má baà ṣòfò, epo tó léfòó sórí ọbẹ̀, mílíìkì tẹ́ ẹ bù sí tíì títí tíì fi di funfun. Òkèlè ní tiẹ̀ máa ń hàn, ó tóbi, ó wúwo, ó jókòó sínú abọ́ tí gbogbo ayé ń wò ó, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀bi fi ń wá sórí ẹ̀.

Ẹ ṣe báyìí fún mi. Fún ọjọ́ mẹ́ta péré, gbogbo ohun tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun yín kọjá, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù, títí kan èyí tẹ́ ẹ fi tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹ má dín nǹkan kan kù o, ẹ ṣáà kọ ọ́. Ẹni tó bá ṣe é láìparọ́, òun fúnra ẹ̀ ló máa wá sọ ibi tó ti ń sanra fún mi.

Epo mélòó ni wọ́n ń pè ní àpọ̀jù? Torí ọbẹ̀ tí ò lépo, omi ni lójú tèmi.

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa mu omi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Ṣíbí ìjẹun kan, èyí tó gba bíi mílílítà 15, nǹkan bíi kálórì 120 ló wà nínú epo tó bá kún un. Ẹ wá wo bá a ṣe ń se ọbẹ̀ ata nílé. Ta ló ń fi ṣíbí wọn epo? A gbé kẹ́ẹ̀gì, a dà á gbuu títí ọkàn á fi balẹ̀. Ká ní òróró náà tó ìdajì lítà, tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lé ní kálórì 4,000 nìyẹn. Ká ní ọbẹ̀ náà bọ́ sí abọ́ mẹ́wàá, abọ́ kọ̀ọ̀kan ti gbé kálórì 400 dání kẹ́ran tó débẹ̀. Ìrẹsì sísè gíráàmù 200 tẹ́ ẹ wá dà á lé, kò ju bíi 260 lọ. Ẹ wò ó, ọbẹ̀ ti ju ìrẹsì lọ, ìrẹsì lẹ sì ń bù kúrò.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ kọ́kọ́ se ata náà kí omi ẹ̀ gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó da òróró sí i, torí omi inú ata ló ń jẹ́ ká máa fi epo lé epo pé ọbẹ̀ ò tíì dín. Tó bá ti gbẹ, òróró díẹ̀ ló máa dín in tí kíkan ẹ̀ á fi lọ. Tó bá wá jinná, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ tẹ ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òróró á sun sí apá ibi tó rẹlẹ̀. Ẹ fi ṣíbí ọbẹ̀ gbọ́n ọn sínú abọ́, ẹ gbé e sí fíríìjì, òun náà lẹ máa fi dín ata tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Adùn ata ò ní bá a lọ, ẹ gbà mí gbọ́. Kódà òróró tẹ́ ẹ gbọ́n yẹn ti lata, á sọ ọbẹ̀ kejì di aládùn.

Ẹran tẹ́ ẹ bọ̀, tẹ́ ẹ tún dín, tẹ́ ẹ tún wá jù sínú ọbẹ̀ tó ti lóróró, ìyẹn náà ń dá kún un. Ẹ sun ún nínú ófùn tàbí lórí iná, tàbí kẹ́ ẹ fi bíbọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í sì í ṣe òun ló ń se ọbẹ̀ nílé, bóun bá fẹ́ bu tiẹ̀, kó fẹ̀yìn ṣíbí ti epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó bù.

Ẹ má wá lọ yọ epo pátápátá o. Fítámì A, D, E àti K nílò ọ̀rá díẹ̀ kára tó lè gbà wọ́n. Ṣíbí kan sí méjì fún oúnjẹ èèyàn kan, ó tó.

Olive oil ni mò ń lò ní tèmi, ṣé kálórì tiẹ̀ ò kéré?

Rárá. 120 náà ni. Òróró àgbọn, òróró ẹ̀pà, epo pupa, epo pupa tẹ́ ẹ yọ́ títí tó fi funfun, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn tó bá di ti kálórì. Olive oil lè dáa fún ọkàn, mi ò jiyàn, àmọ́ ikùn ò mọ iye tẹ́ ẹ rà á.

Ẹ̀fọ́ nìkan ni mò ń jẹ lálẹ́. Ẹ̀fọ́ náà tún burú ni?

Ẹ̀fọ́ fúnra ẹ̀ ò burú, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ò ní kálórì kan dà bí alárà, ẹ lè jẹ ẹ́ kún abọ́. Ohun tẹ́ ẹ fi rò ó ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ̀fọ́ rírò tí epo pupa ń ṣàn létí abọ́, tí ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹja díndín àti ẹ̀gúsí wà nínú ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ewé mọ́. Ẹ̀gúsí gan-an, bí ìdajì ìwọ̀n ẹ̀ ló jẹ́ epo, gíráàmù 100 ẹ̀gúsí gbígbẹ ju kálórì 550 lọ, lẹ́yìn náà la tún wá dín in nínú epo mìíràn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ̀gúsí. Ẹ fi ẹ̀fọ́ ṣe ìdá mẹ́ta, ẹ̀gúsí ìdá kan, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ omi kẹ́ ẹ sì jù ú sínú ata tó ń hó láìkọ́kọ́ dín in, á máa mú kóró bó ṣe yẹ.

Ẹ̀pà ṣáà dáa, dọ́kítà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Dọ́kítà ò parọ́. Ẹ̀pà dáa, kajú dáa, purotéènì wà níbẹ̀, ọ̀rá ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rá burúkú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ̀pà níwọ̀nba. Ìkúnwọ́ kan, bíi gíráàmù 30, ti tó kálórì 170. Ìkúnwọ́ mélòó la máa ń jẹ? Ẹ̀pà inú ìgò tí wọ́n ń tà lójú pópó yẹn, bẹ́ ẹ bá gbé e sórí síkéèlì tó sì jẹ́ gíráàmù 350, kálórì bíi 2,000 nìyẹn. Iye tí ọ̀pọ̀ obìnrin nílò láàárọ̀ títí di alẹ́ nìyẹn, mo sì mọ èèyàn tó máa ń jẹ ẹ́ tán nídìí fíìmù kan ṣoṣo, á wá tún ní ebi ń pa òun.

Mo kórìíra kẹ́ ẹ gbé ìgò ẹ̀pà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan sínú abọ́ kékeré, ẹ dérí ìgò, ẹ gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó jókòó. Èyí tó ní èèpo dáa ju èyí tí wọ́n ti bó lọ, torí bíbó yẹn ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Kúlíkúlí ńkọ́? Wọ́n fún epo inú ẹ̀ jáde lóòótọ́, àmọ́ wọ́n tún dín in, ẹ má fi tan ara yín. Ìpékeré náà wà níbẹ̀, gíráàmù 100 ẹ̀ ju 500 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é bíi pé èso la jẹ.

Àgbọn tá a fi ń jẹ àgbàdo lásìkò òjò, gíráàmù 100 ẹ̀ tó 350. Àgbàdo ò ní wàhálà. Píà ńlá kan lè tó 300. Ó dáa lára o, ẹ ṣáà jẹ ìdajì, kẹ́ ẹ sì fi rọ́pò bọ́tà lórí búrẹ́dì, ẹ má fi lé orí bọ́tà.

Wíìtì ni mò ń jẹ dípò ẹ̀bà báyìí. Ṣé mo ti ṣe é re?

Ẹ wá gbọ́. Gíráàmù 100 gàrí, èlùbọ́, sẹ̀mó, wíìtì, pándò, ní gbígbẹ tí ò tíì kan omi, gbogbo wọn wà láàárín bíi kálórì 340 sí 365. Wíìtì tí wọ́n lọ̀ mọ́ èèpo ní fáíbà tó pọ̀, ìyẹn okùn inú oúnjẹ tára kì í dà, ó máa ń tètè yóni, ó sì máa ń pẹ́ níkùn, ìyẹn ni àǹfààní tiẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti gbọ́ pé wíìtì ò ń mú èèyàn sanra, ṣé ẹ mọ bí òkèlè ẹ̀ ṣe máa ń tóbi tó? Bí orí ọmọ tuntun. Ó máa ń jẹ ìlọ́po méjì ẹ̀bà tó sá fún.

Ẹ wọn ìyẹ̀fun kẹ́ ẹ tó rò ó, ẹ má wọn òkèlè, torí omi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu ò dọ́gba. Gíráàmù 75 ìyẹ̀fun tàbí gàrí gbígbẹ, bíi 260 nìyẹn, ó sì ń ṣe òkèlè tó ṣe é rí lójú. Àmàlà tó mu omi dáadáa, tó rọ̀, máa ń pọ̀ nínú abọ́ ju iyán lọ láìfi kálórì púpọ̀ kún un. Bí ilé yín bá ń jẹ àmàlà, ẹ má torí dáyẹ́ẹ̀tì lọ máa ra wíìtì olówó gọbọi.

Ìrẹsì ọ̀fadà náà bẹ́ẹ̀, kálórì tiẹ̀ àti ti ìrẹsì funfun ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ayamáṣe orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò lójú.

Gàrí mímu ńkọ́? Ìyẹn ṣáà fúyẹ́.

Fúyẹ́ bíi kí ni? Gàrí gíráàmù 100, kálórì 355. Ìkúnwọ́ ẹ̀pà kan, 170. Ṣúgà oníhóró mẹ́rin, bíi 70. Mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí ńlá méjì, bíi 100. Ó ti ń lọ sí 700 kẹ́ ẹ tó jẹ ẹja díndín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá tí kò lépo púpọ̀ ò tó ìyẹn. Ìpanu ọ̀sán la sì kà á sí, oúnjẹ gidi ṣì ń bọ̀ lálẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ò lè fi gàrí Ìjẹ̀bú sílẹ̀, mi ò bá yín wí, èmi náà fẹ́ràn kíkan ẹ̀ nínú omi tútù. Ẹ yan ọ̀kan nínú ẹ̀pà àti mílíìkì, kì í ṣe méjèèjì. Ẹ bu gàrí níwọ̀n 50, ẹ jẹ́ kó wú dáadáa kẹ́ ẹ tó mu ún. Ẹja sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ máa jẹ́ kẹ́ ẹ yó ju ṣúgà lọ.

Àkàrà àbí mọ́ínmọ́ín?

Mọ́ínmọ́ín, bẹ́ ò bá da òróró kún inú ẹ̀. Ẹ̀wà kan náà ni, epo ló ya wọ́n. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ àkàrà, kí òróró gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á sí i, torí òróró tí ò gbóná, mímu ni àkàrà ń mu ún, kẹ́ ẹ sì gbé e sórí pépà kó jò.

Dòdò àti bọ̀ọ̀lì náà bẹ́ẹ̀ ni: ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà, tí dídín fi kálórì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Ẹ̀wà àgànyìn ńkọ́, ẹ̀wà ibẹ̀ mọ́ bíi kí ní, ata dúdú orí ẹ̀ ni epo. Ẹ ní kí ìyá àgànyìn bu ata láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n sẹ́ epo ẹ̀ díẹ̀. Wọ́n máa wò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò.

Sàláàdì ni mo máa ń ní kí wọ́n bù fún mi ní òde. Ìyẹn ṣáà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀?

Sàláàdì ilé wa yìí, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ni nísàlẹ̀, bó ṣe ń gòkè ló ń di nǹkan mìíràn: ẹyin, ẹ̀wà inú agolo, màkàróónì nígbà míì, lẹ́yìn náà mayonnaise tàbí kírìmù tó bò ó mọ́lẹ̀. Ṣíbí ìjẹun mayonnaise kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100. Mẹ́rin ni wọ́n máa dà sí i láìbi yín. Ẹ gba kírìmù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fúnra yín bù ú.

Mi ò kí ń mu mínírà, mọ́ọ̀tì àti zobo nìkan.

Àwọn ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Mínírà 50cl tó bá ní gíráàmù 10 ṣúgà nínú 100 mílílítà, ẹ ka ẹ̀yìn ìgò, ti di gíráàmù 50 ṣúgà nìyẹn, kálórì 200. Mọ́ọ̀tì 33cl lè súnmọ́ 200 náà, bó ti kéré tó, a sì máa ń fún aboyún àti ẹni tí ara ẹ̀ ń bọ̀ sípò mu bí oògùn. Bíà 60cl, tó bá jẹ́ oní 5%, ó wà ní bíi 240. Zobo tí ò ní ṣúgà ò ní kálórì kan tó ṣe é kà, àmọ́ zobo tí wọ́n ń tà, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ máa mọ̀. Jùúsì inú páálí, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ "ojúlówó" sí lára, ṣúgà èso ni. Ọsàn gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ, pẹ̀lú awẹ́ ẹ̀. Ohun mímu òfìo tí wọ́n fi àgbọn àti dàbínù lọ̀, aládùn ni, oúnjẹ odidi ni, ẹ kà á sí oúnjẹ.

Ìdí tí ohun mímu fi ń dá mi lágara ni pé kì í yóni. Ẹni tó mu kálórì 200 tán á tún jẹ oúnjẹ ẹ̀ pé bó ṣe fẹ́ jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà kan ohun mímu aládùn láti 2022, kò tíì mú kẹ́nikẹ́ni tí mo mọ̀ fi mọ́ọ̀tì sílẹ̀ ṣá. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáyẹ́ẹ̀tì tí ò fẹ́ wọn nǹkan kan, ibi ohun mímu ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Omi tútù. Zobo aláìníṣúgà pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀.

Tíì àti búrẹ́dì nìkan ni mò ń jẹ láàárọ̀.

"Nìkan" yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣí wò. Mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí mẹ́ta, bíi gíráàmù 30, 150. Ṣokoléètì oníyẹ̀fun ṣíbí mẹ́ta, nǹkan bíi 115. Ṣúgà mẹ́rin, 70. Búrẹ́dì Agége gíráàmù 150, tí kò ju ìdá díẹ̀ lára búrẹ́dì ńlá, bíi 400. Bọ́tà ṣíbí kan, 100. Ó ti lé ní 800, ebi á sì tún pa yín kó tó di aago 11. Ẹyin bíbọ̀ méjì, búrẹ́dì díẹ̀, tíì tí mílíìkì ẹ̀ jẹ́ ṣíbí kan, ẹ máa rí i pé ọ̀sán á tètè dé.

Ṣé kí n fi oyin rọ́pò ṣúgà?

Ṣíbí ìjẹun oyin kan, 64. Ti ṣúgà, bíi 50. Oyin wúwo jù ú lọ. Bó bá jẹ́ adùn ẹ̀ lẹ fẹ́ràn, ẹ lá a. Bó bá jẹ́ torí kẹ́ ẹ lè jò ni, ẹ gbé e sílẹ̀.

Mo máa ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì, síbẹ̀ mo tún ń sanra sí i. Kí ló fà á?

Ẹ ò dá wà. Dàbínù, èso, ògì tí mílíìkì àti ṣúgà kún inú ẹ̀, àkàrà, gbogbo ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gáríbì, lẹ́yìn náà oúnjẹ alẹ́ gangan, lẹ́yìn asáámù ọ̀hún tún sàárì. Dàbínù kékeré kan bíi 20 sí 25 ni, àmọ́ àwọn tó tóbi tó rọ̀ yẹn lè lé ní 60 lẹ́yọ kan. Mẹ́ta kékeré àti omi, ẹ lọ kírun, kẹ́ ẹ tó padà wá jókòó. Kẹ́ ẹ tó dé, ìwọra ti rọlẹ̀. Ògì fúnra ẹ̀ fúyẹ́, àwọn tó ń bá a rìn ni kò fúyẹ́. Ní sàárì, ẹ jẹ ẹ̀wà, ó máa gbé yín dọ́sàn-án.

Òde ọjọ́ Sátidé ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ fún mi.

Òde ni, ẹ ò ní torí dáyẹ́ẹ̀tì má lọ bá wọn ṣe. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí oúnjẹ tó dé: pọ̀fùpọ́ọ̀fù, sàmósà, sípíríń rólù nínú abọ́ kékeré, dídín ni gbogbo wọn, ẹ sì ń bá ará ijókòó sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ń lọ lẹ́nu ń bọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ kan àwo yẹn tó bá jẹ́ pé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni ọkàn yín ń fẹ́ gan-an. Ẹ jẹ ọ̀kan tó wù yín dénú, ẹ jẹ́ kí méjì tó kù kọjá. Mọ́ínmọ́ín àti ẹran ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ, kí ìrẹsì bá ikùn tó ti ń yó. Ẹ gba omi kẹ́ ẹ tó gba ohunkóhun mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in.

Àwọn màmá á ní "ṣé kò sí o, o ti gbẹ, kí ló ń ṣe ẹ́". Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní àlàáfíà ni mà, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọjá. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kálórì fún wọn níbẹ̀, àwo kejì lẹ máa gbà.

Bí mo bá jẹ ẹ́ tán tí mo rìn ín dànù ńkọ́?

Ẹni tó wọn kílò 70 tó bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn kánkán, bíi 130 sí 150 ló máa jó. Ṣíbí epo kan àti díẹ̀ lé. Ẹ máa rìn o, ó dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó dáa fún oorun, ó sì ń jẹ́ kí ìwọ̀n tó bá wálẹ̀ dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn ò lè san gbèsè tí ẹ̀pà inú ìgò jẹ.

Tíì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń múni jò ńkọ́?

Ìgbẹ́ ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ máa yà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ewé tó ń mú kéèyàn máa ṣu. Omi ni síkéèlì máa sọ pé ó kúrò, bẹ́ ẹ bá mu omi padà, á padà. Ẹ fi owó yẹn ra ẹja.

Irú ẹja wo?

Titus lọ́ràá, gíráàmù 100 tútù ẹ̀ tó bíi 200, pánlá ò ju bíi 90 lọ. Ọ̀rá Titus dáa fún ọkàn, nítorí ẹ̀ mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún un, ẹ ṣáà má dín in. Adìyẹ, ẹ bó awọ ẹ̀. Ìgbín ò lọ́ràá rárá, owó ẹ̀ ni ìṣòro.

Indomie ńkọ́? Páálí kékeré ni mo ń sè.

Ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. Irú núdù bẹ́ẹ̀, wọ́n ti dín in nínú epo nílé iṣẹ́ kó tó gbẹ, gíráàmù 70 kan ti lé ní 300, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sè méjì pẹ̀lú ẹyin díndín. Bẹ́ ẹ bá ń ka ẹ̀yìn páálí, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, nọ́ńbà ńlá tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí lè jẹ́ kJ, ìwọ̀n agbára mìíràn nìyẹn, èyí tẹ́ ẹ ń wá ni kcal, òun ni kálórì tí mò ń sọ látòkè. Èkejì, wọ́n lè kọ iye tó wà nínú gíráàmù 100 tàbí nínú "serving" kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n kà sí jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kó jẹ́ pé bísíkíìtì mẹ́ta ni wọ́n pè ní serving, ẹ̀yin sì jẹ odidi páálí.

Ìlú Ọba ni mo wà, kálórì wà lára mẹ́nù níbí. Ṣé mo lè gbára lé e?

Láti oṣù kẹrin 2022 ni òfin ti wà ní England pé ilé oúnjẹ tó bá ní òṣìṣẹ́ 250 sókè gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Búkà Yorùbá tẹ́ ẹ ti ń ra ẹ̀fọ́ ní Peckham ò tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ fún yín. Ibẹ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ ti máa wo epo etí abọ́.

Ta ni kò yẹ kó dán èyí wò fúnra ẹ̀?

Aboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé, ẹni tó ní àrùn kídìnrín, ẹni tí oúnjẹ jíjẹ tàbí àìjẹun ti di àìsàn sí lára. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, kó má dín oúnjẹ kù láìkọ́kọ́ bá dọ́kítà ẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì, ó lè dákú. Ẹni tí ò ṣe nǹkan kan tó ṣáà ń rù, ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Ọkọ mi ò gbà, ó ní òun ò ní jẹ ọbẹ̀ aláìsàn.

Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ dín epo kù díẹ̀díẹ̀, bíi ṣíbí kan nínú ìkòkò kan, kí ẹnu wọn máa bá a lọ. Bí wọ́n bá fura, ẹ fi irú sí i.

Ṣé títí ayé ni n óò máa wọn nǹkan?

Rárá o. Bẹ́ ẹ bá ṣe é fún ìgbà díẹ̀, ojú á mọ̀ ọ́n. Mẹ́ta péré ni mo máa ń ní kẹ́ ẹ padà wọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí ojú máa ń tètè gbàgbé wọn: epo, ẹ̀pà, gàrí. Síkéèlì kékeré oníbátìrì tí wọ́n ń lò nílé ìdáná ti tó, kò ní láti jẹ́ olówó ńlá. Ẹ gbé abọ́ sórí ẹ̀ ná, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a padà sí òdo, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó da gàrí.